Bíbélì Ọ̀fẹ́ àti Orúkọ Ìyá ní Abidjan

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí pé báwo ni Abidjan ṣe rí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀rín dá yín lóhùn. Kì í ṣe pé n kò ní èsì. Èsì tí mo ní ni kò dá mi lójú tó. Mo jẹ́ ẹni tí í máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó bá rí i, nítorí mo ti kíyè sí i pé bí mo bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn mọ́jú nínú mi, àwọ̀ mìíràn ni òwúrọ̀ máa ń bá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìrìn-àjò yìí, n kò kọ ohunkóhun. Nítorí náà, apá kan ohun tí ẹ ó kà yìí ti inú orí mi wá, apá kejì ti ẹnu àǹtí mi wá, níbi tí ohùn àwa méjèèjì kò bá sì ti ṣọ̀kan, n ó sọ ọ́.

Ìjọ kankan kò rán mi. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi ra ọkọ̀ ni mo fi ra páálí Bíbélì méjì, Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn, Faransé ni ìyókù. Àwọn tí a jọ ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ́rìn-ín títí. Ní Èjìgbò wa, ilé tí kò ní ènìyàn ní Abidjan kò wọ́pọ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún a sì máa wá kí wa nígbà ọdún pẹ̀lú Yorùbá tí ó dùn tí ó sì já ní àárín. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi pé òun kò fojú kan Bíbélì Yorùbá rí nínú ilé tí wọ́n ti bí òun. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo pinnu pé n ó fi Ìwé Mímọ́ lé àwọn ẹni tí n kò mọ̀ rí lọ́wọ́, n ó sì gbàdúrà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti í gbà á ní ìjọ wa: orúkọ ẹni náà, àti orúkọ ìyá tí ó bí i. Ẹ fi ọkàn sí ìgbẹ̀yìn gbólóhùn yẹn. Òun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn.

Ibodè

Ní ibodè tí a ti ń wọ ilẹ̀ wọn, aṣọ́bodè kan ní kí n tú páálí mi. Faransé tí mo mọ̀, Faransé inú ìwé ni. Ó ń dún lẹ́nu mi bí bàtà tuntun.

"O ń tà wọ́n?"

"Rárá o, ọ̀gá. Mo fẹ́ fi wọ́n tọrẹ ni."

"Ta ni o fẹ́ ta lọ́rẹ?"

"Àwọn tí n kò mọ̀."

Ó wò mí bí a ti ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. "Ẹni tí o kò mọ̀, báwo ni o ṣe mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìwé náà padà sínú páálí. Ó ṣí ìwé kan, ó tún un pa, ó ní kí n máa lọ. Nígbà tí mo padà sínú bọ́ọ̀sì, ìyá tí ó ti ń fún mi ní ẹ̀pà jẹ láti Accra, tí ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa, gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bóyá oòrùn ni ó ń sá fún. Ohun tí mo rò nígbà náà nìyẹn. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Anoumabo

Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò ìyá mi, ni mo dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Anoumabo. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó lọ. Abọ́ oníke ló ń tà ní ọjà Adjamé. Yàrá yí àgbàlá rẹ̀ ká, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò: ọmọ Yorùbá, ọmọ Benin, àti ọmọ ilẹ̀ náà gan-an. Kò sí ẹni tí kò sọ fún mi pé "bonne arrivée," èyíinì ni ẹ káàbọ̀, títí kan àwọn ọmọdé tí ń wẹ̀. Wọ́n gbé àga fún mi. Wọ́n gbé omi fún mi. Àwọn àgbà wá jókòó yí mi ká, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mu omi náà tán, lẹ́yìn náà ni èyí tí ó dàgbà jù bi mí pé kí ni ìròyìn ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ yẹn, àlejò tí a bi bẹ́ẹ̀ a dáhùn pé ire ni, kò sí láburú, ìyókù a sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Èmi tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: páálí, Bíbélì, ọ̀fẹ́, àdúrà. Wọ́n kan sáárá sí mi, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n ń wò.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," Àǹtí Bọ́sẹ̀ sọ fún mi nígbà tí a wọlé, "wọn kì í já ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí. O ti dẹ́rù ba àwọn èèyàn."

"Ẹ̀rù kí ni, Àǹtí?"

"Jẹun ná."

Àchẹ́kẹ́ ni, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ó jọ gàrí tí omi gbígbóná kàn díẹ̀, ó sì kan lẹ́nu lọ́nà tí ahọ́n mi kò tètè gbà. Mo jẹ ẹ́ tán.

Obìnrin tí ó gbé omi fún mi padà wá kó abọ́. Ó lóyún; ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kan ni ó fi ń di ẹ̀yìn mú bí ó ti ń rìn. Ìyàwó Lásísì mẹkáníìkì ni, yàrá wọn kọjú sí ti àǹtí mi. Wọ́n bí i sí Abidjan, inú ìjọ Ọlọ́run ni ó sì dàgbà sí. Mùsùlùmí ni ọkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ìyẹn ń yọ lẹ́nu nínú àgbàlá náà.

"Tonton, ẹ fún èmi náà ní ọ̀kan," ó wí, bí wọ́n ti ń pe ọkùnrin tó bá jù wọ́n lọ níbẹ̀. "Ti Yorùbá ni mo fẹ́."

"Ṣé o lè kà á?"

"Mo ń gbọ́, mi ò lè kà. Mais ọmọ tèmi á kà á." Ó fi ọwọ́ lu ikùn rẹ̀ pẹ́pẹ́.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ohun mìíràn. Mo bèèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Mo bèèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo kọ méjèèjì sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo ní n ó máa pè é níwájú Ọlọ́run títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Nínú ìrántí tèmi, kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní irọ́ ni, pé ìyá ọkọ obìnrin náà wà ní ẹ̀bá ẹ̀rọ omi, ó ń fọ aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí aṣọ náà.

Adjamé, àti Cocody

Ní ọjà Adjamé, èrò ni ó ń ru ènìyàn lọ. Mo na Bíbélì sí obìnrin kan tí ń ta àlùbọ́sà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á, ó sì bi mí ní èdè Jùlá ọjà pé "Wári jóli?", èyíinì ni pé èló. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Ọwọ́ tí ó ti nà jáde padà sí abẹ́ aṣọ.

Àwọn mìíràn gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé orí ìbéèrè kejì, ojú wọn a yí padà. Ọ̀dọ́kùnrin tí ń ta ìbòrí fóònù pè mí ní bàbá àgbà, ó fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀: "Vieux père, Bíbélì la gbà, àbí ẹ fẹ́ bá wa ṣe carte d'identité ni?" Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ náà, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá kan kò rín in. Ó tẹ́tí sí ìbéèrè mi dé òpin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé Bíbélì náà sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi. Kò fi lé mi lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ fẹ́ kí ìka wa kan ara wọn.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n. Ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó, agbẹjọ́rò kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú wa jáde wá bá mi lẹ́nu géètì ilé rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba Bíbélì, ó tẹ orí ba. Ó sọ fún mi nínú Faransé àti Yorùbá tí ó dàpọ̀ pé ohùn bàbá òun ni òun fi mọ ìwé yìí, pé òun kò ka á fúnra òun rí. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀. Mo bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, monsieur. Ìyẹn kì í jáde nílé." Ó kí mi ó dàbọ̀, ó sì ti géètì.

Mo rò pé ìgbéraga olówó ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí mo sì kọ kẹ́yìn nìyẹn títí mo fi padà sílé.

Àgbàlá

Ọmọ mú aláboyún náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò tíì bí. Nígbà tí mo jáde láti fọ ojú, gbogbo àgbàlá ti wà lórí ìdúró. Ìyá Lásísì, ìyá ọkọ rẹ̀, dúró sí ẹ̀bá ẹ̀rọ omi.

"Òun nìyẹn," ó wí, kò sì gbé ohùn sókè. "Pásítọ̀ olórúkọ. Ẹni tó bèèrè orúkọ ìyá aláboyún ló mọ ibi tó so ó mọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi..."

"Kí n gbọ́ kí ni? Mo wà níbí nígbà tí o gbà á lẹ́nu rẹ̀!"

Ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ ti páálí mi láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn Bíbélì dà sórí ilẹ̀ tútù. Kò sí ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣà wọ́n. Àǹtí Bọ́sẹ̀ jáde tòun ti ìró kan ṣoṣo, ó dúró láàárín èmi àti wọn. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi ló fọwọ́ kàn." Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Kí ló dé tí o fi bèèrè? Nílé, ta ni kò mọ ọmọ ta ni ọ́? Kò sóhun tó pamọ́. Níbí, ilé ti jìnnà, èdè olúwarẹ̀ ti sọnù, àwọn èèyàn ti mọ owó tó ń wọlé fún un. Orúkọ ìyá ẹni nìkan ló kù tí ọwọ́ àjèjì ò tíì kàn. Àwọn àgbà tó kó wa wá síbí kọ́ wa pé ẹni tó bá ní in, ó ní ẹ."

Takisí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lásísì ló bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, epo mọ́tò ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni. Ní báyìí, kó tó pẹ́ jù. Kò gbà. Ó ní títí ẹni tó gba orúkọ òun yóò fi dá a padà. Ó ní tí wọ́n bá fi oògùn kun òun lóorun nígbà tí orúkọ òun wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ò ní jí." Ó wò mí. "Tonton, mi ò bá yín jà. Ẹ wọ mọ́tò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé orúkọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé pamọ́, pé àdúrà lásán ni.

"Ẹ lọ ṣàlàyé yẹn fún òun," Lásísì wí.

Ilé ìwòsàn

Ọ̀nà náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n n kò rántí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ẹ̀yìn ọrùn awakọ̀ lọ. Ìyá Lásísì jókòó níwájú. Èmi, Àǹtí Bọ́sẹ̀ àti Lásísì wà lẹ́yìn.

Orí ibùsùn onítáyà ni ó wà, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ gan-an. Ó ti di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà mú tí ọwọ́ rẹ̀ fi funfun. Agbẹ̀bí kan dúró tì í, ó ń sọ pé "vite, vite," pé kí wọ́n yára, ó sì ń wo ilẹ̀kùn.

"Tonton. Ẹ dá a padà."

"Mo ti dá a padà," mo wí. "Kò sí lọ́dọ̀ mi."

"Irọ́ ni. Ó ṣì wà lẹ́nu yín. Mo ti ní kí Lásísì ya ojú ìwé yẹn, kò kúrò."

Mo ní kí n gbàdúrà fún un. Ó mi orí lágbára. "Ẹ má gbàdúrà! Ẹ má pè é!" Ìrora mú un, ó pa ojú dé, ó fi eyín di ètè mú, nígbà tí ó sì tún ojú ṣí, ọ̀wọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? O mọ ọmọ tí mo jẹ́. Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ kò ní agbára ju èyí tí olùgbọ́ bá fún un lọ, mo bẹ̀rù láti dárúkọ ìyá mi. Ìyá mi wà láàyè. Mo rí i lójú ọkàn mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Èjìgbò, tí ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo rò ó pé n ó dárúkọ mìíràn. Orúkọ pọ̀ lẹ́nu ènìyàn, ta ni yóò mọ̀? Gbogbo ìlú ń pè é ní Ìyá Délé. Ìjọ ń pè é ní Comfort, orúkọ ìtẹ̀bọmi rẹ̀. Bí mo bá sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí ìyá tirẹ̀ ń pè é, tí n kò gbọ́ ju ìgbà díẹ̀ lọ láyé mi, èmi àti obìnrin tí ń rọbí yìí sì mọ̀ pé òun ni ó ń bèèrè.

Nínú ìrántí mi, mo dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní agbẹ̀bí pè mí lẹ́ẹ̀mejì, pé Lásísì di ọrùn ẹ̀wù mi mú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi kúrò nílẹ̀. N kò rántí ọwọ́ kankan lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bọ́ ẹ̀wù náà, bọ́tìnnì òkè kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ orúkọ ìyá mi, èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ó tún un pè kí ó má baà gbàgbé. Mo gbọ́ orúkọ ìyá mi láti ẹnu àjèjì, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òórùn oògùn kún. Ó dàbí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé wa sílẹ̀ tí wọ́n kò sì tì í.

"Bon," ó wí. "A ti wà lọ́wọ́ ara wa. Tí mi ò bá jí, o mọ̀." Lẹ́yìn náà ó tú ọwọ́ kúrò lára irin, ó sì sọ fún agbẹ̀bí pé kí wọ́n máa lọ.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Lásísì wà ní òpin kan, tẹ̀sùbáà ń yí ní ìka rẹ̀. Èmi wà ní òpin kejì. Mo fẹ́ gbàdúrà, n kò sì mọ bí n ó ṣe gbà á láìpe orúkọ rẹ̀. Mo ń sọ pé "Olúwa, obìnrin yìí," mo ń tún un sọ, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbàgbé ìyókù ẹsẹ̀ ìwé. Nígbà kan Lásísì dìde, ó lọ fi iwájú orí ti ògiri. Kò sí ẹni tí ó lọ bá a.

Agbẹ̀bí jáde. Ọmọbìnrin ni. Ìyá rẹ̀ ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti la ojú, ó sì ti bèèrè omi.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ìyá Lásísì dìde, ó rìn wá sí iwájú mi, mo sì rò pé yóò gbá mi létí. Ó fi etí ìborùn nu ojú.

"Kò síjà mọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ kí wọn nílé."

Ilé

Mo lọ. Mo fi Bíbélì tí ó kù sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ìjọ kan, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mú un, n kò sì dúró wo ẹni tí yóò mú un. N kò rí aláboyún náà mọ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé àlàáfíà ni wọ́n wà, tìyá tọmọ.

Ó pẹ́ kí n tó lè sọ fún ìyá mi pé mo ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó fetí sí mi, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró lẹ́nu iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ni ó bèèrè lọ́wọ́ mi.

"Ṣé o pè é dáadáa?"

"Mo pè é dáadáa, Màmi."

"Ó dáa." Ó fẹ́ èèpo kúrò nínú àtẹ. "Òun ńkọ́, kí lorúkọ tiẹ̀? Kí n lè máa rántí òun náà."

Orúkọ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì. "Mo ti dá a padà," mo wí.

Ìyá mi padà sídìí àtẹ rẹ̀.

Nínú gbogbo orúkọ tí mo kọ sí iwájú ìwé ní Abidjan, n kò rántí ọ̀kan ṣoṣo lónìí: kò sí ti àwọn ará Adjamé, kò sí ti ìyá ẹnikẹ́ni. Ìrántí mi tí í máa já mi kulẹ̀ ti da gbogbo wọn nù, ó wá di ti aláboyún yẹn nìkan mú ṣinṣin, èyí tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbàgbé. Bí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo sì dé ibi tí orúkọ náà wà, mo máa ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹni tí ó bá ọmọ lójú oorun lẹ́nu ọ̀nà.